Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ilé-iṣẹ́ Kékeré tó Fẹ́ Ṣe Ìwádìí Ohun Èlò Ààbò ní Abuja àti Òkè Ọya

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ààbò ti gba gbogbo ẹnu ní Òkè Ọya, àwọn ọmọ Yorùbá tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, oníṣẹ́ iná, oníṣòwò àti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ní Abuja, Kaduna, Zaria, Kano àti Jos kò yéé béèrè ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè gbà wọ iṣẹ́ náà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ni a kó jọ síbí. Ẹni tó bá ń kánjú lè lọ tààrà síbi tó kàn án, ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì kò ṣeé fò fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni a ń pè ní ohun èlò ààbò? Ṣé ìbọn àti ọta nìkan ni?

Rárá o. Ohun tí sójà ń lò lójúmọ́ pọ̀ ju ìbọn lọ fíìfíì. Sójà tó wà ní àgọ́ kan létí igbó Sambisa nílò omi tó mọ́, iná tí kì í kú lóru, rédíò tí ọ̀tá kò lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, ọ̀já tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwòrán ilẹ̀ tó bá àkókò mu, àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó lè rí rà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá kán. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè ṣe ìwádìí lé lórí, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá ti lè fakọ yọ. Ní tiwa, ilé-iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àgbẹ̀, awakùsà tàbí ilé ìwòsàn náà lè rà ni a rò pé yóò pẹ́ lórí ìdúró, nítorí pé owó ìjọba a máa pẹ́ kó tó jáde, owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í sì í dúró dè é. Ẹ ó rí i pé orí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Ṣé òfin gbà wá láàyè láti ṣe ìbọn tàbí bọ́ǹbù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kàn fẹ́ dán an wò ni?

Òfin kò gbà yín láàyè. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ìbọn tàbí ọta, láti tò ó pọ̀ tàbí láti tún un ṣe, àfi níbi tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Ohun abúgbàù ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti wà láti 1964. Lójú òfin, ìbọn tí ẹ ṣe láti dán ọgbọ́n yín wò kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣe láti tà. Yàtọ̀ sí òfin abẹ́lé, Nàìjíríà wà nínú Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké, èyí tí àwọn olórí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fẹnu kò lé lórí níhìn-ín ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, bẹ́ẹ̀ ni ó ti wọ inú Àdéhùn Àgbáyé lórí Òwò Ohun Ìjà láti 2013. Láti 2021 ni àjọ NCCSALW ti wà ní Abuja, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dènà bí ohun ìjà kéékèèké ṣe ń tàn ká.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ọwọ́ àwọn ènìyàn wa gbóná. Ẹni tó bá ti wọ ọjà Panteka ní Kaduna, tó rí bí wọ́n ṣe ń fi irin àlòkù rọ ohun tí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ọlọ bá nílò, lè máa rò ó pé ìbọn kò le láti ṣe. Bó le, bí kò le, ẹ̀wọ̀n ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohun ìjà gan-an ni ẹ fẹ́ dá lé, ọ̀nà rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ DICON, iléeṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba, àti ìyọ̀ǹda ìjọba àpapọ̀ kọjá, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó gé irin kankan.

Kí ni DICON, kí sì ni òfin tuntun yí padà nínú rẹ̀?

DICON ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà ní Nàìjíríà. Òfin ló dá a sílẹ̀ ní 1964, Kaduna ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ Fritz Werner ti Jámánì ni wọ́n sì bá dòwò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìbọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni OBJ-006, tí wọ́n ṣe ní àwòrán AK-47, tí wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Ọbásanjọ́ pè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aládàáni fi ń wo DICON látòkèèrè, nítorí pé òfin àtijọ́ kò ṣe àlàyé púpọ̀ lórí bí ilé-iṣẹ́ kékeré ṣe lè bá a ṣe.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin mìíràn tó pa ti 1964 rẹ́. Òfin tuntun náà fún DICON lágbára láti dá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ àti láti bá aládàáni dòwò pọ̀. Ó tún sọ ọ́ di alábòójútó lórí ṣíṣe, pípín kiri, títọ́jú àti pípa ohun èlò ogun run ní ilẹ̀ yìí, ó sì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ààbò. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó ń bá yín dòwò náà tún ni ẹni tó ń ṣọ́ yín. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ gba agbẹjọ́rò tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan, kí ẹ má kàn gba èyí tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín.

A gbọ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà máa ń fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké lówó ìwádìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé àwa náà lè gbà nínú rẹ̀?

SBIR ni wọ́n ń pe ètò náà. Roland Tibbetts, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba wọn, ló dábàá irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, Ààrẹ Ronald Reagan sì fọwọ́ sí i di òfin ní oṣù keje ọdún 1982. Òfin náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí tí owó ìwádìí tó ń gbé fún àwọn ará ìta bá ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún ya ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 500 lọ. Iléeṣẹ́ ètò ààbò wọn ló ń ná owó jù lọ nínú rẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ìpín yìí gan-an ló sì jẹ́ kó tọ́ sí àfiyèsí wa. Ní ìpele kìíní, wọn a fún ilé-iṣẹ́ ní owó díẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó fi hàn pé èrò òun kì í ṣe àlá. Ẹni tó bá yege a bọ́ sí ìpele kejì, tó máa ń tó ọdún méjì, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kí ó lè ṣe ẹ̀rọ tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ìpele kẹta kò ní owó SBIR kankan nínú. Àsìkò ọjà ni, òfin sì gba iléeṣẹ́ ìjọba láàyè láti ra ohun náà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìwádìí rẹ̀ láìtún pe àwọn ẹlòmíràn wá díje. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin dáàbò bo ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà rí nínú ìwádìí fún ogún ọdún, kí iléeṣẹ́ ìjọba má baà gbé e fún ilé-iṣẹ́ ńlá láti bá a ṣe ní ẹ̀dínwó. Qualcomm, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní Banex Plaza, wà lára àwọn tó gba owó SBIR nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Ẹ̀yin tó wà ní Abuja kò lè gbà á. Ìdajì ó lé nínú ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ títí, ilẹ̀ wọn ni a sì ti gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó fún òun kí òun lè bá yín forúkọ sílẹ̀ fún SBIR láti Nàìjíríà, gbájúẹ̀ ni.

Íńdíà náà ti ní tiwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n gbé ètò iDEX kalẹ̀, níbi tí àwọn ológun fúnra wọn ti ń kọ ìṣòro wọn síta, tí ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ń dá wọn lóhùn. Lójú tiwa, èyí ló sún mọ́ ohun tí Nàìjíríà lè ṣe, nítorí pé wọn kò dúró de ètò ìṣúná tó tó ti Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé irú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà?

Kò sí èyí tó ní ìpele mẹ́ta tó so mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà jẹ́ ẹyọ ẹyọ. NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja, ń ṣe ìwádìí fúnra rẹ̀, ó sì ń bá aládàáni ṣiṣẹ́ pọ̀. TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní owó ìwádìí, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yunifásítì ni a là á sílẹ̀ fún. Òfin fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ṣèlérí àpò owó kan àti ìrọ̀rùn owó orí fún ilé-iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ó kéré tán sì jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà. Nínú oṣù kejì ọdún 2018 ni Àṣẹ Ààrẹ karùn-ún (Executive Order 5) jáde, tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa fi ti ọmọ ilẹ̀ wa ṣáájú nínú iṣẹ́ àgbàṣe tó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ lè tọ́ka sí àṣẹ náà nínú lẹ́tà yín. Ó máa ń mú kí wọ́n kà á dé ìparí.

Àlàfo tó wà níbẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó. Owó wà fún ẹni tó fẹ́ ronú, ọjà wà fún ẹni tó ti ní ọjà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́, tó wá nílò láti ṣe ogún rẹ̀ kí àwọn ológun lè fi oṣù mẹ́fà lò ó, ẹni yẹn kò ní ẹni tí yóò gbójú lé. Àárín yìí ni ilé-iṣẹ́ kéékèèké ń kú sí.

Ta ni yóò wá rà á nígbà náà?

Ẹ má fi ojú ìjọba nìkan wò ó. Òfin Rírà Ọjà fún Ìjọba ti 2007, ní abala 15, yọ ọjà tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè kúrò lábẹ́ ìlànà tí gbogbo ayé ń rí, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i pé kí ó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ kì í sábà rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ ń wá ẹni tí yóò kó kámẹ́rà wá. Ẹ óò kọ lẹ́tà, ẹ óò ṣe àfihàn, ẹ óò sì dúró. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀, ti Ojú Omi àti ti Òfuurufú ló ní ọ́fíìsì ìwádìí tirẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, Olú Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò náà sì ní tirẹ̀.

Ní báyìí ná, àwọn tó ní ìdí láti sanwó wà láyìíká. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà, àwọn tó ni ibùdó iná mànàmáná, oko ńláńlá tí àwọn agbébọn ń yọ lẹ́nu, ilé-ìwé aládàáni, àti ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Katsina àti Zamfara tó ti dá ẹ̀ṣọ́ tiwọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Terra Industries, tí àwọn ọ̀dọ́ méjì dá sílẹ̀ ní Abuja ní 2024, tó ń ṣe dúróònù àti òpó aṣọ́nà, kọ́kọ́ gba ọ̀nà àwọn oníbùdó iná àti awakùsà yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n kéde pé àwọn olùdókòwò ti fún wọn ní mílíọ̀nù 11.75 dọ́là. Ní Òde Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Proforce ti ń ṣe ọkọ̀ tí ọta kì í wọ̀ láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì sọ ọ̀kan nínú rẹ̀ ní Ààrá. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan.

Dúróònù ni a fẹ́ ṣe. Ìyọ̀ǹda wo ni a nílò?

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí wọ́n bá ti lè tò ó, wọ́n ti lè fò ó. Ibi mẹ́ta ni ẹ óò dé. Àkọ́kọ́ ni NCAA, àjọ tó ń ṣàbójútó ìrìnnà òfuurufú, tó ń fún ẹni tó bá fẹ́ fi dúróònù ṣòwò ní ìwé ẹ̀rí. Èkejì ni ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí Ètò Ààbò, nítorí pé láìsí ìwé wọn, ẹ kò lè kó dúróònù wọlé láti òkè òkun, NCAA náà kò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ̀kẹta ni NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó fóònù àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, nítorí pé rédíò wà nínú gbogbo dúróònù, ẹ̀rọ rédíò kankan kò sì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí NCC tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Yàtọ̀ sí ìwé, ẹ wo ibi tí ẹ ó ti fò ó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun òfuurufú tó wà nínú Operation Hadin Kai kéde pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fò dúróònù ní Àríwá Ìlà Oòrùn láìgba àṣẹ, nítorí pé àwọn agbésùnmọ̀mí náà ti ń lò ó. Ní Abuja, ẹni tó bá gbé e sókè nítòsí Aso Rock tàbí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò ní pẹ́ rí àwọn tí yóò bi í léèrè. Ẹ wá ilẹ̀ oko kan lẹ́yìn ìlú, ẹ sọ fún baálé ibẹ̀ àti ọlọ́pàá agbègbè náà, kí ẹ sì ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ará abúlé tí agbébọn ti ṣọṣẹ́ fún rí kì í fi ojú eré wo ohun tó ń dún lókè orí wọn.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè máa rà á láti Ṣáínà?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Ṣáínà ti ń béèrè ìwé àṣẹ kí àwọn irú dúróònù kan, ẹ́ńjìnnì kan, àti kámẹ́rà kan tó ń fi ooru ara ríran tó jáde ní ilẹ̀ wọn. Amẹ́ríkà náà ń ṣọ́ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí èyí tí ẹ bá rí rà wọ́ọ́rọ́wọ́ fi máa ń jẹ́ irú tí kì í ya ju àwòrán 9 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tó láti fi mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú oko lóru, kò tó láti fi tẹ̀lé ọ̀kadà tó ń sáré. Kí ẹ mọ ààlà yìí kí ẹ tó ṣèlérí fún oníbàárà.

Bí ẹ bá bá ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kọ àdéhùn láti gba ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn, NOTAP ní Abuja, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ fi orúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Báńkì yóò béèrè ìwé NOTAP nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó wọn.

Kí ni ó yẹ kí a dán wò jù lọ kí a tó gbé ẹ̀rọ wa jáde?

Ooru àti eruku. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kò mọ oṣù kẹrin ní Maiduguri, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń gbóná ju 40°C lọ. Nínú àpótí irin tí oòrùn ń pa, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ bátìrì lithium ni olùṣe rẹ̀ kọ ọ́ sí lára pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba iná bí ara rẹ̀ bá ti kọjá 45°C, ìyẹn ni pé ní ọ̀sán gangan, ní wákàtí tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń mú iná wá jù, ni bátìrì kò yẹ kó gba iná rárá. Ẹ óò rí èyí tó ti wú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, tí ìdérí àpótí kò sì fẹ́ pa dé mọ́. Ọ̀nà àbáyọ kì í wọ́n: ẹ fi ọ̀dà funfun kun àpótí, ẹ fi bátìrì sí ìsàlẹ̀ níbi tí òjìji wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú sọ́fítíwià pé kí ó dúró títí ara rẹ̀ yóò fi tutù.

Eruku tún burú jù. Irin wà nínú ilẹ̀ pupa wa. Bí dúróònù bá gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa gbígbẹ lásìkò ọyẹ́, ẹ tú mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ óò rí eruku aláwọ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ òòfà inú rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Eruku yìí ni kì í jẹ́ kí mọ́tò náà yí geere mọ́, ariwo rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ó máa gúnlẹ̀ sí. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, dúróònù tó gbé ẹrù tán ní Lọ́kọ́ja lè kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kí ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni ohun tí ọ̀gágun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe fídíò tí ẹ fi orin sí.

Wọ́n máa ń bi wá léèrè TRL wa. Kí ni ìyẹn?

Òṣùwọ̀n kan ni, láti 1 dé 9, tí àjọ NASA dá sílẹ̀ láti sọ bí ẹ̀rọ kan ṣe gbó tó. Ìkíní ni èrò lórí ìwé, ìkẹsàn-án ni ohun tó ti ṣiṣẹ́ lójú iṣẹ́ gan-an. Ẹ má bu un lé. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní yàrá yín ní Kubwa kò tíì kọjá 4.

Báwo ni a ṣe máa dáàbò bo àwárí wa?

Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fi hàn ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ òfin páténtì ti 1970, àwárí tí gbogbo ayé bá ti rí níbikíbi kò jẹ́ tuntun mọ́, fídíò tí ẹ gbé sórí Facebook sì ti tó láti ba ẹ̀tọ́ yín jẹ́. Ogún ọdún ni páténtì ń lò, bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ́fíìsì tó ń fún ni ní Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò fọwọ́ sọ̀yà pé ó múlẹ̀. Nítorí náà, ìwé páténtì lásán kò tíì dá olè dúró, àfi bí ẹ bá lè gbèjà rẹ̀ ní kóòtù. Fún sọ́fítíwià àti ọ̀nà ìṣe, a rò pé kí ẹ pa á mọ́ra, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ sí ìwé àṣírí, sàn ju páténtì lọ.

Ṣé ó yẹ kí a bá yunifásítì ṣe pọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tiyín. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ọmọ Ogun Òfuurufú ní Kaduna, àti NDA, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gágun, tó wà ní Kaduna bákan náà, ní àwọn olùkọ́ tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Kaduna ni wọ́n ti ṣe dúróònù Gulma, tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní 2013. Tsaigumi tẹ̀lé e ní 2018, èyí tí Ọmọ Ogun Òfuurufú bá ilé-iṣẹ́ UAVision ti ilẹ̀ Pọtogí ṣe. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ohun tí wọ́n jọ ṣe. Ètò STTR ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ àbúrò SBIR, yanjú rẹ̀ nípa kíkọ ọ́ sínú òfin pé ilé-iṣẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà ó kéré tán, kí yunifásítì ṣe ìdá 30 ó kéré tán, kí wọ́n sì kọ ìwé lórí ẹni tó ni àwárí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ní òun mọ ọ̀gágun kan, kí a kó owó wá kí òun bá wa rí i. Kí ni ẹ rí sí i?

Àwọn alágbàtà yìí pọ̀ ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì Wuse II. Ẹ má fún wọn lówó. Ọ̀gágun tó bá nílò ohun yín kò ní bínú sí lẹ́tà.

Kí ni a lè sọ síta nípa iṣẹ́ wa, kí ni kí a pa mọ́ra?

Bí ẹ bá ti bá iléeṣẹ́ ológun kan ṣe pọ̀, Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 ti kàn yín. Ẹ má ya àwòrán àgọ́, ẹ má dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yín, ẹ má sì fi orúkọ oníbàárà dọ́gbọ́n polówó. Ṣùgbọ́n àṣírí ìjọba kò túmọ̀ sí pé kí ẹ pa àléébù ẹ̀rọ yín mọ́ fún ẹni tó ń lò ó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, ní abúlé Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, dúróònù àwọn ọmọ ogun ju bọ́ǹbù sí àwọn tó ń ṣe ọdún Maolud, ó lé ní ọgọ́rin ènìyàn tó kú, àwọn aláṣẹ ológun sì gbà pé àṣìṣe ni. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwià tí yóò sọ fún sójà pé àwọn tó wà nínú àwòrán yìí jẹ́ agbébọn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ó lè sọ pẹ̀lú pé òun kò mọ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tó ṣì í sínú ìwé ìlò rẹ̀, ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ irú aṣọ, irú àkókò àti irú ilẹ̀ tí ẹ fi dán an wò.

Ṣé dandan ni kí a gbọ́ Hausa?

Kì í ṣe dandan fún ìpàdé ní Abuja. Fún ẹ̀rọ, dandan ni. Ẹ̀ṣọ́ tí yóò lò ó ní Katsina lè má ka Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tó sọ Hausa ní kedere sì yá ju ìwé ìlò olójú ewé ọgọ́rin lọ. Ní Borno, ẹ rántí Kanuri.

Ìwé wo ni kí a mú lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ́fíìsì ìwádìí àwọn ológun?

Ẹ mú ìwé tí ẹ fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta tàbí iye ọdún tí ẹ ti wà, orúkọ àwọn tó ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, àti ojú ewé méjì tó sọ ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú, ohun tí ẹ ti dán wò, iye tí ẹyọ kan yóò náni, àti ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń wonkoko mọ́ jù, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ mìíràn lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú ní àárín ogun. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dání láti fi ṣe àfihàn, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́, nítorí pé sójà ẹnu géètì kò ní jẹ́ kí àpótí tó ní wáyà àti bátìrì wọlé lórí ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan.